Ta Ló Sọ Ekòló Ọ̀sà Èkó Lórúkọ?

Nígbà tí mò ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí tí mo fi gboyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, mo kọ orúkọ kan sínú tábìlì mi, mo sì tún un kọ káàkiri inú ìwé náà débi pé ó sú èmi fúnra mi. Capitella capitata. Bí mo ṣe dé ìdí orúkọ yẹn ò le rárá: mo rí ekòló pupa kan tó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ nínú ẹrẹ̀ tí a bù nísàlẹ̀ ọ̀sà, mo gbé e sábẹ́ máíkíròskóòpù, mo ṣí ìwé atọ́nà tí gbogbo wa ń lò ní láàbù, àwòrán inú ìwé jọ ohun tí mò ń wò, mo bá kọ orúkọ tó wà lábẹ́ àwòrán sílẹ̀. Bóyá ni gbogbo ẹ̀ gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Alábòójútó mi fọwọ́ sí i. Olùdánwò tó wá láti ìta ò bi mí ní nǹkan kan lórí ẹ̀. Mo gba máàkì mi, mo lọ jẹun.

Ní báyìí tí mo ti padà wá kàwé sí i, ojú ń tì mí díẹ̀. Ẹ má ṣì mí gbọ́, mi ò purọ́. Ohun tí mo bá lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi ni mo ṣe. Ṣùgbọ́n orúkọ tí mo fún ekòló yẹn, ẹ̀dá inú omi tútù Greenland ló ni ín. Kò sí ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ mi nígbà yẹn pé òun àti èyí tó ń gbé inú ẹrẹ̀ gbígbóná Èkó jẹ́ ọ̀kan náà. Kò sí lọ́wọ́ mi títí di òní.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Lórí ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú ọ̀sà wa, ilé onílé la wò. Èrò mi ni pé ó yẹ ká jáwọ́. Ká kọ Capitella, ká dúró níbẹ̀, ká má fi capitata kún un títí a ó fi mọ ẹni tá à ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí n kò fi ka èyí sí àríyànjiyàn àwọn tí ò ríṣẹ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀dá tó jẹ́. Gbogbo wa la mọ ekòló ilẹ̀, tí ara rẹ̀ jẹ́ òrùka-òrùka láti orí dé ìdí. Eṣúṣú náà wà nínú ẹbí yẹn. Àmọ́ inú òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹbí náà ń gbé. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní Polychaeta, ìtumọ̀ rẹ̀ ni onírun púpọ̀, torí pé irun líle wẹ́wẹ́ máa ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ òrùka kọ̀ọ̀kan lára wọn. Èyí tí wọ́n ti sọ lórúkọ nínú wọn ti lé ní 10,000. Òmíràn ń kọ́ ilé líle funfun mọ́ ara òkúta àti ìdí ọkọ̀, òmíràn ń rìn kiri bí ọ̀kùn, òmíràn wà nísàlẹ̀ òkun níbi tí oòrùn ò dé rí, òmíràn kéré débi pé àárín hóró iyanrìn méjì ló fi ṣe yàrá.

Ìwé bàọ́lọ́jì tí mo fi ṣèdánwò ilé-ìwé girama pín ẹbí yìí sí mẹ́ta: àwọn onírun púpọ̀, àwọn onírun díẹ̀ tí ekòló ilẹ̀ wà nínú wọn, àti eṣúṣú. Mo há a sórí, mo sì gbà á tọ́. Nígbà tó di 2011, Torsten Struck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí DNA kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature, ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé ekòló ilẹ̀ àti eṣúṣú kì í ṣe ẹbí ọ̀tọ̀ rárá. Àárín àwọn onírun púpọ̀ gan-an ni wọ́n ti jáde wá, ní ẹ̀ka àwọn tí kì í rìn jìnnà nílé. Èyí já sí pé ekòló tó ń yọ sí wa nínú ọgbà lẹ́yìn òjò, ọmọ ọmọ àwọn ará òkun ni, irun ló re lára ẹ̀. Ẹ wò ó, tí ìpínsísọ̀rí ńlá tó wà nínú ìwé ilé-ìwé lè wó báyẹn lójú wa, kí ló dé tí orúkọ tí mo fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wá kò ní í wó?

Capitella ní tirẹ̀ ò ní ẹwà kan tó ń fi yangàn. Kò ní ọwọ́, kò ní ìyẹ́, orí rẹ̀ ṣóńṣó, ó sì gùn níwọ̀n ìka ọwọ́ ọmọdé tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Tí a bá tú Capitella capitata láti inú èdè Látìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Orí-kékeré Olórí, èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbàkigbà tí mo bá rántí. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju pé kó máa gbé ẹrẹ̀ mì, kó yọ ohun jíjẹ inú ẹ̀, kó yàgbẹ́ èyí tó kù. Ibi tí ẹ ó ti gba tiẹ̀ ni ibi tó yàn láti máa gbé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba orí afárá Third Mainland kọjá nígbà tí òórùn omi wọlé sínú mọ́tò, ẹ mọ irú ẹrẹ̀ tí mò ń wí: dúdú, tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Òórùn yẹn jẹ́ ti gáàsì tó ń jáde nígbà tí ìdọ̀tí pọ̀ débi pé àwọn kòkòrò àìfojúrí ti lo ọ́ksíjìn inú ẹrẹ̀ tán. Májèlé ni fún ọ̀pọ̀ ẹ̀dá. Ìṣáwùrù á kú, edé á sá, Capitella ní tiẹ̀ á máa bímọ. Ó ní irú èròjà pupa tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ìyẹn hẹmoglóbínì, èyí tó ń bá a fa ìwọ̀nba ọ́ksíjìn tó bá wà. Níbi tí gbogbo ẹlẹ́gbẹ́ ti kú tàbí ti sá, òun nìkan ló kù nídìí oúnjẹ.

Torí èyí ni orúkọ rẹ̀ fi di ńlá. Ní 1978, Pearson àti Rosenberg kọ iṣẹ́ kan tí gbogbo ẹni tó ń kọ́ nípa ìsàlẹ̀ òkun ṣì ń kà títí dòní, wọ́n sọ bí àwọn ẹ̀dá inú ẹrẹ̀ ṣe ń pààrọ̀ ara wọn bí ìdọ̀tí bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ní ibi tó bàjẹ́ jù, Capitella ló wà. Ní 2000, Ángel Borja àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Spéìn ṣe ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní AMBI, tó pín àwọn ẹ̀dá inú ẹrẹ̀ sí ẹgbẹ́ márùn-ún láti orí ẹni tí ò lè fara da ìdọ̀tí rárá dé orí ẹni tí ìdọ̀tí jẹ́ àsè fún. Capitella capitata wà ní ẹgbẹ́ karùn-ún, ìkẹyìn. Ẹ bu ẹrẹ̀, ẹ ka iye rẹ̀, tó bá pọ̀ gan-an, omi ibẹ̀ ti ń ṣàìsàn. Ẹlẹ́rìí nílé ẹjọ́ ni ekòló yìí. Ẹlẹ́rìí sì rèé, ó yẹ kí ilé ẹjọ́ mọ orúkọ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń jẹ́ Florida sọ lu òkúta nítòsí West Falmouth, epo tó fara jọ dísù sì tú sínú omi. Nǹkan tó wà nínú ẹrẹ̀ ibẹ̀ kú lọ bẹẹrẹ. Kò pẹ́, Capitella dé, ó sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ibùdó ìwádìí òkun Woods Hole ò jìnnà síbẹ̀, àwọn tọkọtaya kan, Judith Grassle àti Frederick Grassle, ń ṣọ́ ọ bí ó ṣe ń lọ. Wọ́n ń sin àwọn ekòló yìí ní láàbù, wọ́n sì rí i pé ìwà wọn ò bára mu. Àwọn kan ń yé ẹyin ńlá díẹ̀, àwọn kan ń yé kéékèèké púpọ̀. Ọmọ àwọn kan máa ń wẹ̀ nínú omi fún wákàtí mélòó kan péré kó tó wọlẹ̀, ti àwọn kan ń jẹun nínú omi fún ọjọ́ gbọọrọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ti àwọn mìíràn kì í wẹ̀ jáde rárá, ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti ń dàgbà.

Wọ́n bá mú ẹ́ńsáìmù inú ara wọn, wọ́n fi iná mànàmáná wọ́ ọ gba inú jẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n lè rí bí èyí tó wà lára ọ̀kan ṣe yàtọ̀ sí ti èkejì. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú Science ní 1976 sọ pé ohun tí gbogbo ayé ń pè ní Capitella capitata tó ẹ̀yà mẹ́fà ó kéré tán, tí wọn kì í bá ara wọn bímọ, bẹ́ẹ̀ tí èèyàn bá fojú lásán wò wọ́n, ìbejì ni wọ́n. Kì í tún ṣe Táíwò àti Kẹ́hìndé tó jọ ti inú ìyá kan náà wá o. Ẹ rò ó bí àdúgbò kan tí olùkọ́ ibẹ̀ ń pe gbogbo ọmọ tó bá dúdú, tó sì ga, ní Ṣẹ́gun, tó wá ń ṣírò máàkì Ṣẹ́gun. Ọjọ́ tí Ṣẹ́gun bá gba odo, ta ni ká bá wí?

Ẹ wá gbọ́ ibi tí orúkọ yẹn ti wá gan-an. Otto Fabricius, míṣọ́nnárì ará Denmark, gbé ní Greenland láti 1768 sí 1773. Yàtọ̀ sí ìwàásù, ó ń kọ gbogbo ẹ̀dá tó rí sílẹ̀, ìwé rẹ̀ Fauna Groenlandica jáde ní 1780. Nínú ẹ̀ ló ti pe ekòló yìí ní Lumbricus capitatus. Lumbricus ni orúkọ ìdílé ekòló ilẹ̀, lójú tirẹ̀ ekòló ni ekòló ń jẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ tí wọ́n fi sí Capitella. Àwòṣe tí Fabricius fi kọ ìwé ò sí mọ́ fún ẹnikẹ́ni láti fi ṣàkàwé, ló bá di 2009 kí James Blake tó padà sí ekòló ìwọ̀-oòrùn Greenland, tó tún un ṣàpèjúwe, tó sì yan ọ̀kan láàárín wọn pé kó máa jẹ́ ẹni tí orúkọ náà so mọ́. Ọ̀rọ̀ ti wá dájú: ẹni tó bá jọ ìyẹn dénúdénú ló ń jẹ́ Capitella capitata. Ẹni tí kò bá jọ ọ́, kó wá orúkọ tirẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni Blake, Judith Grassle àti Kevin Eckelbarger sọ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà 1976 lórúkọ: Capitella teleta. Láti 1976 sí 2009, ọdún 33, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè é, ẹ̀yà kìíní. Àwọn èèyàn ń sin ín ní láàbù, wọ́n ń kọ́ nípa bí ọlẹ̀ ṣe ń di ẹkùnrẹ́rẹ́ ẹ̀dá lára rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí ti jáde nípa rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n gbà kó máa jẹ́ nọ́ńbà torí pé wọn ò tíì ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n ṣe kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ní 2013 wọ́n tẹ àkójọ gbogbo DNA rẹ̀ jáde. Nọ́ńbà yẹn wú mi lórí ju ọ̀pọ̀ orúkọ lọ. Òótọ́ ló wà nínú ẹ̀.

Tá a bá wá sọdá òkun Àtìláńtíìkì wá sí apá gúúsù, ní Bràsíìlì, àwọn náà ti ń kọ Capitella capitata sínú tábìlì fún ọ̀pọ̀ ọdún bíi tiwa. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ kó ekòló jọ láti etíkun wọn, wọ́n wò wọ́n fínnífínní, wọ́n sì yẹ DNA wọn wò. Ní 2017 ìwádìí wọn jáde pẹ̀lú ẹ̀yà tuntun mẹ́rin. Ọ̀kan ń jẹ́ Capitella aracaensis, wọ́n fi orúkọ Araçá sọ ọ́. Òmíràn ń jẹ́ Capitella nonatoi. Ẹ wo bí ó ṣe dùn: ekòló ìdọ̀tí lásán, ó ń jẹ́ orúkọ ìlú rẹ̀.

Ó wá ku àwa.

Ìtàn bí orúkọ àwọn ẹ̀dá yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa ò ṣòroó tọ. Augener tẹ ìwé lórí àwọn onírun púpọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde ní Jámánì ní 1918. Fauvel kọ ìwé ńlá méjì nípa ti ilẹ̀ Faransé, 1923 àti 1927. Kirkegaard ará Denmark kọ apá kìíní ìwé tiẹ̀ lórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1959. Day kọ ti Gúúsù Áfíríkà ní 1967. Iṣẹ́ àwọn èèyàn yìí lágbára, kò sí ẹni tó máa ṣe irú iṣẹ́ yìí tí kò ní í kàn wọ́n. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìwé Faransé ń tọ́ka sí ẹran Faransé. Tí ekòló yín kò bá sí nínú ìwé, ìwé ò ní í sọ fún yín pé kò sí. Á kàn tọ́ yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó jọ ọ́ jù, ẹ̀yin náà á sì dúpẹ́. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé ekòló òkun lè wà káàkiri ayé láìyàtọ̀, torí náà orúkọ láti Greenland tó bá dé Èkó kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Mi ò bá àwọn àgbà wa jà o. Ní 1990, Ajao àti Fagade tẹ ìwádìí jáde lórí ìgbésí ayé Capitella capitata nínú ọ̀sà Èkó, wọ́n sì jẹ́ ká mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ ọ̀sà yìí tó ohun tí à ń fi ọkàn sí. Wọ́n lo ohun èlò tó wà lọ́wọ́ wọn. Àwa tí DNA ti di ohun tí èèyàn lè fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n á ti kà á fún un, àwa la ò ní àwáwí. Ohun tó tilẹ̀ dùn mí ni pé bí a ṣe ń kọ orúkọ yẹn lọ, orúkọ yẹn ló ń dí wa lọ́wọ́ àtibéèrè. Ẹni tó bá ti mọ orúkọ àlejò rò pé òun ti mọ àlejò.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní láàbù wa tí mo máa ń bá jiyàn lórí èyí. Ó ní, “Àbúrò mi, kí ni orúkọ fẹ́ ṣe fún omi tó ti bàjẹ́? Ekòló tó bá ti wà níbi tó ń rùn, ekòló òórùn ni. Ka iye rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀, jẹ́ ká sùn.” Kí n sòótọ́, apá kan nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n tọ̀nà. Tó bá jẹ́ pé ohun tí à ń wá ò ju ká mọ̀ pé ibì kan ti dọ̀tí kọjá ààlà, Capitella lásán láìsí àfikún ti tó wa. Níbi tí lẹ́búlẹ́bú pákó láti àwọn sọ́míìlì Oko Bàbá ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta ti kó jọ sínú omi fún ọdún gbọọrọ, ẹ ò nílò DNA kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Imú yín ti tó.

Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, ọ̀sà wa kì í ṣe ibi tí nǹkan kan ṣoṣo ń yí padà. Ẹnu ọ̀nà èbúté ni omi òkun ń gbà wọlé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ á wọnú ọ̀sà lọ jìnnà. Nígbà tí òjò bá dé, odò Ògùn àti àwọn yòókù á da omi aláìníyọ̀ sínú ẹ̀, ọ̀pọ̀ ibi nínú ọ̀sà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi odò. Ká ní a ka ekòló púpọ̀ ní oṣù kejì, a wá ka díẹ̀ ní oṣù keje. Ṣé omi ti mọ́ ni? Àbí àìníyọ̀ ló pa wọ́n? Àbí ẹ̀yà méjì ló wà níbẹ̀, tí ọ̀kan ń lọ tí èkejì ń bọ̀? Ẹni tó bá kọ orúkọ Greenland sílẹ̀, ìdáhùn tó máa yá ni ti ibòmíràn: iye ọjọ́ tí ẹran Massachusetts fi ń dàgbà nínú omi tó tutù ju tiwa lọ, bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń rìn jìnnà tó, iyọ̀ tó lè fara dà. Omi Èkó sábà máa ń lé ní 25°C. Ìtàn ìgbésí ayé ẹlòmíràn la gbé wọ ekòló wa, bí aṣọ tí wọn ò wọ̀n mọ́ ọn lára.

Ẹni tó bá sì rò pé irú ìbéèrè yìí ò ṣeé dáhùn níbí, kó lọ wá iṣẹ́ M. B. Hill tó jáde ní 1967. Èkó níbí gan-an ló ti ṣe é, lórí ekòló méjì tí ń kọ́ ilé líle mọ́ ara igi àti òkúta: bí wọ́n ṣe ń dàgbà, àti iye iyọ̀ tí wọ́n lè fara dà. Ọ̀kan nínú wọn ni Mercierella enigmatica, tí wọ́n ń pè ní Ficopomatus báyìí. Fauvel ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1923 láti inú odò àfọwọ́gbẹ́ kan ní Caen ní Faransé, ó sì pè é ní ẹni àdììtú. Àjèjì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà á sí ní Yúróòpù, pé ọkọ̀ ojú omi ló gbé e débẹ̀.

Èyí mú mi dé ibi tó ń kó mi lọ́kàn sókè jù. Ọkọ̀ ńlá tó ń wọ Àpápá àti Tin Can kì í gbé kọ̀ńténà nìkan. Wọ́n máa ń fa omi èbúté kan sínú ikùn ọkọ̀ kó lè dúró déédéé lójú omi, wọ́n á sì tú u dà sí èbúté mìíràn, tòun ti ọmọ ẹ̀dá tó wà nínú ẹ̀. Tá a bá ti gbà pé orúkọ kan náà ni gbogbo ekòló ń jẹ́ ní gbogbo ayé, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ lọ́jọ́ tí àlejò bá dé? Èwo ló jẹ́ ọmọ onílẹ̀, èwo ló bá ọkọ̀ wọlé ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn? Ọkùnrin tó ń pa ẹja àti edé ní Mákòókò ni ìyípadà inú ẹrẹ̀ máa kọ́kọ́ dé bá, torí inú ẹrẹ̀ yẹn ni oúnjẹ ọ̀pọ̀ ẹja rẹ̀ ti ń wá. Lọ́jọ́ tó bá sì di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ láàárín àwọn apẹja àti ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ní ó da nǹkan somi, ẹ rò pé lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà ò ní í mọ̀ nípa ìwé 1976? Ìbéèrè kan péré ló máa bi onímọ̀ tiwa: “Ẹ̀yà wo lẹ ní ẹ kà?” Tábìlì tó dá lórí orúkọ tí kò dájú á ṣubú lójú gbogbo ayé, ìdọ̀tí náà á sì wà níbẹ̀.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò wọ́nwó tó bẹ́ẹ̀. Formalin ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń pa ẹrẹ̀ mọ́. Ó dára fún kíkà, ekòló á le, á sì hàn dáadáa, ṣùgbọ́n ó máa ń ba DNA jẹ́ débi pé ó ṣòro gan-an láti rí nǹkan gidi kà nínú ẹ̀. Kí ẹni tó bá ń lọ sójú omi mú ìgò kékeré kan dání tí ethanol wà nínú ẹ̀, ògidì, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti bomi là. Kó yọ ekòló bíi mẹ́wàá sínú ẹ̀ láti ojúkò kọ̀ọ̀kan. Kó kọ ibi tó ti mú un, ọjọ́, àti bí iyọ̀ omi ṣe pọ̀ tó mọ́ ọn lára, pẹ̀lú pẹ́ńsù, torí ethanol máa ń fọ yíǹkì báírò kúrò lára bébà (mo fi ojú ara mi rí i). Kó má dà á nù nígbà tó bá gboyè tán. Kó wá orí ibi tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ á máa tọ́jú rẹ̀ sí, kó sì kọ nọ́ńbà ìgò náà sínú ìwé ìwádìí rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn ní 2050 lè wá wò ó. Nínú tábìlì, kó kọ Capitella sp. Àwọn olùdánwò kan máa ń wo sp. yẹn bí ẹni pé ọ̀lẹ ló kọ ọ́, pé ọmọ yìí ò lè dárúkọ ẹran rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà wa tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda fún wa ká kọ ohun tá a mọ̀ nìkan.

Lóṣù tó kọjá, mo padà sí láàbù tí mo ti ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi. Ọ̀pọ̀ ìgò ti lọ, wọ́n nílò àyè fún ti àwọn tó tẹ̀ lé wa. Mo rí méjì tí ọwọ́ kíkọ mi wà lára ẹ̀, lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn páálí. Ekòló wà nínú wọn, àwọ̀ pupa wọn ti lọ pátápátá, wọ́n ti funfun bíi spaghetti. Formalin ni. Mo gbé wọn sábẹ́ máíkíròskóòpù, mo ka òrùka ara wọn láti orí wá, mo wo irun wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì fi wọ́n wé àpèjúwe tí Blake kọ ní 2009. Àwọn ibì kan bára mu, àwọn ibì kan ò bára mu, bẹ́ẹ̀ ni formalin ti mú kí àwọn kan sún kì débi tí n kò fi lè fọwọ́ sọ̀yà. Mo fi pẹ́ńsù kọ bébà tuntun, Capitella sp., ọ̀sà Èkó, mo jù ú sínú ìgò kìíní, mo kọ òmíràn fún ìkejì. Mo ti ra ethanol. Oṣù kejì tí iyọ̀ bá ti wọlé, màá padà síbi tí mo ti bu ẹrẹ̀ nígbà yẹn.